Ọ̀gá Kí-N-Tó-Sọ̀rọ̀ àti Róbọ́ọ̀tì Tó Ń Di Mọ́tò

Bí ẹ bá fẹ́ rí Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ ohun ìṣeré ọmọdé wò, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wúkọ́. Kì í ṣe ikọ́ àìsàn o, ikọ́ ọ̀wọ̀ ni. Lẹ́yìn náà ẹ ó kan ilẹ̀kùn, ẹ ó sì dúró, ẹ ó máa wo ilẹ̀ títí aago kékeré kan yóò fi dún nínú lọ́hùn-ún. Ta ló ṣe òfin yìí? Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni. Ó ní ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn láìwúkọ́ ń já lu èrò àgbà. Kí wá ni èrò àgbà ọ̀hún? Lọ́pọ̀ ìgbà, oorun ni.

Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní Kí-N-Tó-Sọ̀rọ̀ lẹ́yìn, nítorí kò sí ìpàdé tí kì í fi gbólóhùn kan náà bẹ̀rẹ̀: "Kí n tó sọ̀rọ̀, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀." Ọ̀rọ̀ díẹ̀ yìí ló máa ń gba gbogbo àárọ̀. Ọ̀rọ̀ gan-an á wá gba ọ̀sán. Lójú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè é ní nǹkan kan tó kéré sí Ọ̀gá Àgbà, Alábòójútó Gbogbo Ohun Ìṣeré, Olùdáàbòbò Ayọ̀ Àwọn Ọmọdé. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, òun ló fi kún un fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí iṣẹ́ ò sí.

Igbákejì rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọrùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀ nítorí pé orí ló ń mì ṣáá. Òótọ́-Ni-Sà ni wọ́n ń pè é. Bí oòrùn bá ń ràn gidigidi, tí Ọ̀gá sì sọ pé òjò ń rọ̀, Òótọ́-Ni-Sà á ṣí agbòjò. Bí Ọ̀gá bá dápàárá, òun ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí àwọn yòókù lè mọ̀ pé àpárá ni.

Ẹ má rò pé Ọ̀gá burú o. Kì í ṣe ìkà. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, ó máa ń béèrè àlàáfíà àwọn tó ń gbálẹ̀, kò sì gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Nǹkan kan péré ló ń bá a jà: kò lè la ẹnu rẹ̀ kó sọ pé, "Mi ò mọ̀ ọ́n." Látìgbà tó ti jókòó sórí àga ńlá yẹn ni ìbẹ̀rù kan ti wọ inú rẹ̀, pé lọ́jọ́ tí òun bá bi ẹnìkan ní ohun tí òun ò mọ̀, àga náà á rì mọ́lẹ̀ lábẹ́ òun.

Nígbà tó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tí ìsinmi àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń sún mọ́lé, obìnrin kan wá síbẹ̀. Ìyá Oníke ni wọ́n ń pè é, torí ike ló fi ń ṣiṣẹ́. Ó ń yọ́ ọ, ó ń dà á sínú irin tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀, á sì di ìyàrun, á di ìdérí abọ́. Lọ́dún yìí, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti pa ìyàrun tì, wọ́n gbájú mọ́ ohun ìṣeré tuntun kan. Ṣọ́ọ̀bù kankan ò sì ní gbà á lọ́wọ́ wọn láìsí òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ Ọ̀gá. Bí ìsinmi bá sì kọjá, ta ló tún kù tí yóò rántí ra ohun ìṣeré?

Ìyá Oníke wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀fìnkìn gidi ló ń ṣe é lọ́jọ́ náà, nítorí náà ikọ́ ọ̀hún jinlẹ̀.

"Ẹ wọlé," Ọ̀gá wí. "Ikọ́ yín fi hàn pé ilé rere lẹ ti jáde."

"Òótọ́ ni, sà," Òótọ́-Ni-Sà wí. "Èmi náà gbọ́ ọ."

Obìnrin náà gbé nǹkan pupa kékeré kan sórí tábìlì. Ó dúró bí ènìyàn, ó ní apá, ó ní ẹsẹ̀, ó ní ojú méjì tí wọ́n fi ọ̀dà funfun yà sí i.

"Róbọ́ọ̀tì ni, sà. Ẹ wò ó o. Ẹ ó tẹ apá rẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ ó ká orúnkún rẹ̀, ẹ ó ti orí rẹ̀ wọlé. Ó ti di mọ́tò nìyẹn."

Ká, kó, kí! Róbọ́ọ̀tì ti di mọ́tò akẹ́rù. Ìyá Oníke fi ọwọ́ tì í, mọ́tò náà sì yí gbirigbiri kọjá lórí tábìlì, ó lọ dúró níwájú ife tíì Ọ̀gá.

Inú Ọ̀gá dùn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí èmi ni mò ń sọ ìtàn yìí fún yín. Ó tiẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe rántí gígùn oyè rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó gbé nǹkan náà fún obìnrin onígíláàsì ojú kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìdánwò nísàlẹ̀, ìtàn yìí ì bá ti parí síbí. Obìnrin náà ì bá sọ ọ́ mọ́lẹ̀, ì bá rẹ ẹ́ sómi, ì bá fa apá rẹ̀ bóyá yóò já, ì bá sì lu òǹtẹ̀. Àmọ́ Ọ̀gá gbé mọ́tò pupa náà fúnra rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n dá a padà sí ènìyàn," ó wí.

Ó fa orí. Orí ò jáde. Ó fa táyà. Táyà ń yí, kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbé e sétí. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú orí rẹ̀.

"Ẹ wo bí Ọ̀gá ṣe ń wádìí ọ̀rọ̀ láti ìdí!" Òótọ́-Ni-Sà wí.

Ìyá Oníke na ọwọ́. "Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín, sà. Orúnkún ni ẹ ó kọ́kọ́..."

"Ìyá!" Ọ̀gá dá a dúró. "Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ọ́n ni? Sùúrù rẹ̀ ni mò ń dán wò."

"Sùúrù ta ni, sà?"

"Sùúrù róbọ́ọ̀tì."

"Òótọ́ ni, sà," Òótọ́-Ni-Sà gbè é lẹ́sẹ̀. "Róbọ́ọ̀tì tó bá ń yára bínú, báwo la ṣe máa fà á lé ọmọdé lọ́wọ́?"

Ọ̀gá gbé mọ́tò náà sínú dúróò tábìlì rẹ̀, ó tì í pa. Ó ní ọ̀rọ̀ náà wúwo, kí ìyá máa lọ ilé ná.

Ó gbé e lọ sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, bá a nídìí oúnjẹ tó ń fi ìdí ṣíbí gún inú mọ́tò pupa.

"Bàbá wọn, kí lẹ ń fi ìyẹn ṣe?"

"Iṣẹ́ ìjọba ni."

"Ẹ mú un wá kí n bá yín wò ó."

"Àṣírí ni. Kò yẹ kí ojú ará ìta tó o."

"Àṣírí?" Ìyàwó rẹ̀ na ọrùn. "Wọ́n mà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ yẹn pé ọmọ ọdún mẹ́rin lè ṣe é."

Ọ̀gá yí i padà. Lóòótọ́, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, ìkọ̀wé náà ò sì kéré. Ọ̀rọ̀ yìí gún un lọ́kàn bí abẹ́rẹ́. "Ọmọ ọdún mẹ́rin wo?" ó pariwo. "Kí wọ́n dárúkọ rẹ̀!"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó pe àwọn olórí ẹ̀ka jọ sí gbọ̀ngàn ìpàdé. Mọ́tò pupa wà láàárín tábìlì, lórí aṣọ funfun.

"Kí n tó sọ̀rọ̀, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀," Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì tún ìjókòó wọn ṣe. "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má fi ojú kékeré wo ohun tó wà lórí tábìlì yìí. Lánàá, ènìyàn ni. Lónìí, mọ́tò ni. Lọ́la ńkọ́? Ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní di ilé? Ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní di ọ̀gá àgbà?"

Òótọ́-Ni-Sà fò dìde. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, sà!"

Obìnrin onígíláàsì ti yàrá ìdánwò na ọwọ́. "Ìṣeré ọmọdé ni, sà. Mo lè yẹ̀ ẹ́ wò tán kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ọ̀gá wò ó bí ìgbà tí ènìyàn rí eṣinṣin nínú tíì. Ó ní kí wọ́n máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Olórí ẹ̀ka ọmọláńgidi ní ẹ̀ka òun ló ni ín, nítorí ó ní ojú. Olórí ẹ̀ka ohun ìṣeré tó ń yí lórí ilẹ̀ ní irọ́ ni, ó ní táyà. Wọ́n bára wọn jiyàn títí ohùn fi há wọn. Níkẹyìn, Ọ̀gá dá ẹjọ́ náà. Bó bá dúró, kó jẹ́ ti àwọn ọmọláńgidi. Bó bá ń yí, kó jẹ́ ti ẹ̀ka kejì. Bó bá sì wà láàárín, tí kì í ṣe ènìyàn tí kì í ṣe mọ́tò, Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀ ló ni ín.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnìkan wá béèrè bóyá ó yẹ kó ní fèrè bíi ti mọ́tò. Ẹlòmíràn ní fèrè kọ́ ló jù, awakọ̀ dà? Mọ́tò tí kò ní awakọ̀, ta ni wọn yóò mú bó bá gbá ènìyàn? Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ yìí lọ sí ilé-ìwé dáadáa.

Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni Ọ̀gá ti rí ọ̀nà àbáyọ. Ó kan tábìlì. "Láti òní lọ, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ yìí kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun ìṣeré tó ń yí padà, àfi ẹni tó bá ti yí i padà lójú àwọn ẹlẹ́rìí, tó sì ti gba ìwé-ẹ̀rí. Ẹni tó bá rú òfin yìí, kó máa lọ sinmi nílé rẹ̀."

"Ta ni yóò máa fún wọn ní ìwé-ẹ̀rí, sà?"

"Èmi ni."

Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tí yóò fún òun náà ní tirẹ̀. Ọkàn Ọ̀gá balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Nísinsìnyí, kò sẹ́ni tí yóò lè fi ọwọ́ kan nǹkan náà, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé òun ò lè ṣe é.

Ìyá Oníke, ní tirẹ̀, kò yéé wá. Á wúkọ́, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á dìde, á lọ. Páálí róbọ́ọ̀tì ti kún ilé iṣẹ́ rẹ̀ débi pé wọ́n ti dí fèrèsé. Iṣẹ́ ò sí lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ mọ́, àwọn kan nínú wọn sì ti ń wá iṣẹ́ síbòmíràn. "Ẹ fara dà á díẹ̀ sí i," ló ń sọ fún wọn lójoojúmọ́, títí ojú fi ń ti òun náà láti sọ ọ́.

Òótọ́-Ni-Sà ló ba ètò Ọ̀gá jẹ́, ìfẹ́ ló sì fi bà á jẹ́. Kó lè dá a lọ́lá, ó ránṣẹ́ sí Mínísítà pé Ọ̀gá ti ṣe òfin ńlá kan, àti pé Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣe ìdánwò náà ní gbangba. Mínísítà jẹ́ obìnrin àgbà kan tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn, àmọ́ tó fẹ́ràn ohun tó bá pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní òun ń bọ̀.

"Mo ti ṣètò rẹ̀, sà!" Òótọ́-Ni-Sà wí, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Ọ̀gá di etí àga rẹ̀ mú. "Ó... ó dára," ó wí.

Kí ni ì bá dára kó ṣe? Kó sọ̀kalẹ̀ lọ bá obìnrin onígíláàsì, kó sọ pé, "Jọ̀ọ́, fi hàn mí." Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ó tiẹ̀ dé orí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kan. Obìnrin náà gbójú sókè, ó ní, "Ṣé kò sí nǹkan o, sà?" Ọ̀gá ní rárá, àtẹ̀gùn lòun ń yẹ̀ wò. Ó padà sókè.

Ọgbọ́n mìíràn ló wá dá. Mọ́tò kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó kọ̀ láti di ènìyàn. Bó bá rí òmíràn tó ṣì jẹ́ ènìyàn, ṣebí wọ́n jọra? Ó ránṣẹ́ pe Ìyá Oníke pé kó mú ọ̀kan tó wà ní ìdúró wá. Obìnrin náà sáré mú un wá. Ó rò pé òǹtẹ̀ ti dé nìyẹn.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún. Mínísítà jókòó níwájú, Ìyá Oníke àti díẹ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jókòó lẹ́yìn. Òótọ́-Ni-Sà gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Kí la tún ń sọ fún yín?" ó kígbe. "Ẹ rántí pé kí ọkùnrin yìí tó dé ipò, bọ́ọ̀lù wa ò rí róbótó tó báyìí! Kí ó tó dé, ṣé ìṣeré ń dùn? Ẹ bi ara yín!"

Àwọn ènìyàn bi ara wọn. Ọ̀gá dìde, ó wọ kóòtù kan tí àpò rẹ̀ tóbi. Ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀. Nígbà tí Mínísítà wo aago ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà tí mi ò lè kà mọ́, Ọ̀gá gbé róbọ́ọ̀tì sókè.

"Ẹ wò ó, ènìyàn ni!" Ó fi áńkáṣíìfù ńlá kan bò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe wéréwéré lábẹ́ rẹ̀. Ènìyàn wọ àpò, mọ́tò jáde. Ó ká aṣọ kúrò. "Ẹ wò ó, mọ́tò ni!"

Gbọ̀ngàn hó yèè. Òótọ́-Ni-Sà ń nu omijé. Ọ̀gá tẹrí ba, ó sì ń múra àtilọ jókòó.

"Ó dára púpọ̀," Mínísítà wí. Ó dìde, ó rìn wá síwájú. "Mi ò rí i dáadáa ni. Ẹ dá a padà sí ènìyàn lójú mi níbí." Ó wá gba áńkáṣíìfù náà lọ́wọ́ Ọ̀gá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi nu gíláàsì ojú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣàánú ọkùnrin yìí ná. Ó fa orí. Ó fa táyà. Ó ki ìka rẹ̀ bọ àárín orúnkún róbọ́ọ̀tì, ó fi agbára tì í, nǹkan náà sì padé mọ́ ọn lọ́wọ́ pátó! Ó fà á, kò jáde. Ó gbọn ọwọ́, mọ́tò pupa ń fò sókè sódò lórí ìka rẹ̀ bí òrùka tó tóbi jù. Ó tẹ̀ ba kó lè fi àárín orúnkún tirẹ̀ di ohun náà mú, ibẹ̀ ni róbọ́ọ̀tì kejì ti yọ́ jáde nínú àpò kóòtù, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì dúró gbọnin lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó ń wo Mínísítà.

Àwọn òṣìṣẹ́ kọjú sí Òótọ́-Ni-Sà bóyá àpárá ni. Òótọ́-Ni-Sà kọjú sí Mínísítà. Mínísítà bú sẹ́rìn-ín. Òótọ́-Ni-Sà náà wá rẹ́rìn-ín, tirẹ̀ ló sì gùn jù.

Ìyá Oníke ti dìde láti ẹ̀yìn. "Ẹ rọra, sà, ẹ má fà á. Ó máa bó yín lára." Ó di ọwọ́ Ọ̀gá mú bí ìgbà tí wọ́n ń yọ ẹ̀gún fún ènìyàn, ó tẹ orúnkún náà, ìka bọ́.

"Ọ̀gá," Mínísítà wí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Látọjọ́ yìí, ṣé ẹ ò rí ẹni bi ni?"

Ọ̀gá la ẹnu. Gbogbo ènìyàn dúró de ọ̀rọ̀ díẹ̀.

"Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe," ó wí.

Mínísítà mi orí. Ó ní kí wọ́n ka òfin tuntun náà sí òun létí. Wọ́n kà á. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ohun ìṣeré tó ń yí padà láìní ìwé-ẹ̀rí, kó máa lọ sinmi nílé rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ṣe é," ó wí, "mi ò sì fẹ́ bà á jẹ́ lónìí. Lọ́la ni a ó pa á rẹ́."

Báyìí ni Ọ̀gá ṣe lọ sinmi. Obìnrin onígíláàsì yẹ róbọ́ọ̀tì wò lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí wọ́n ti pa òfin náà rẹ́. Ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀, ó rẹ ẹ́ sómi, ó fa apá rẹ̀, ó lu òǹtẹ̀. Wọ́n fi Òótọ́-Ni-Sà dí àga náà fúngbà díẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti sọ fún gbogbo ènìyàn pé ó pẹ́ tí òun ti ń kìlọ̀ fún ọkùnrin yẹn. Ó sì pàṣẹ pé kí àwọn àlejò máa wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Nílé, nígbà tí Ọ̀gá ròyìn fún ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà fẹ́ ṣàánú rẹ̀. Ó gbìyànjú gan-an. Àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ibi tí róbọ́ọ̀tì ti dúró gbọnin lórí ilẹ̀, ó di ògiri mú, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ọ̀gá kọ́kọ́ bínú, ó lọ jókòó sí yàrá. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ìyàwó bi í pé, "Bàbá wọn, ẹ ti lọ bẹ obìnrin oníke yẹn ná?"

Kò tíì lọ. Ó wọ bàtà, ó lọ.

Ilé iṣẹ́ Ìyá Oníke ń gbóná, ó ń rùn bí ike tó yọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ń to róbọ́ọ̀tì sínú páálí, wọ́n ń yára, torí ìsinmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá. Ọ̀gá ti to ọ̀rọ̀ ìtọrọ-àforíjì kan jọ lọ́nà, ó gùn, ó lẹ́wà. Àmọ́ nígbà tó dé iwájú obìnrin náà, kò rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́.

"Ìyá, ẹ má bínú," ó wí.

Obìnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀. "Mo bínú, sà. Méjì nínú àwọn tó bá mi ṣiṣẹ́ ò padà wá mọ́. Wọ́n mọṣẹ́, inú mi ò sì dùn sí lílọ wọn." Ó dojú páálí kan délẹ̀. "Àmọ́ ẹ wá. Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ẹ jókòó."

Ọ̀gá jókòó sórí rẹ̀. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́ láti máa wò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn pa ìdérí páálí dé, kò sì sẹ́ni tó sọ pé kó má ṣe é. Ó ṣe é títí di ìrọ̀lẹ́. Bí wọ́n ṣe fẹ́ tilẹ̀kùn, ó dìde, ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀.

"Ìyá," ó wí, "ṣé mo lè bá àwọn òṣìṣẹ́ yín sọ̀rọ̀ ìṣírí ráńpẹ́ kan?"

"Rárá o, sà," Ìyá Oníke wí.

Ọ̀gá dúró, ó ronú sí i, ó sì bú sẹ́rìn-ín.